Oṣù Mẹ́jọ Tí Mo Fi Bá Ilẹ̀ Sọ̀rọ̀ Nílé Ìlagi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi títí n ó fi sọ ọ́ tán! Ó ti pẹ́ o. Àwọn ọdún 1980 ló ń parí lọ, nígbà tí gbogbo ìlú ń pariwo SAP kiri, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí ẹni tó bá ríṣẹ́ ṣe ń dúpẹ́ tàárọ̀ tọ̀sán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ìkirè ni. Mo ti jáde ilé ìwé gírámà, mo gba yàrá kan ní Ifo nítòsí ojú irin, mo sì ríṣẹ́ akọ̀wé sí sọ́mìlì kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ mọ sọ́mìlì, àbí? Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Alhaja kan ló ni ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ lagi níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, nígbà tí ọkọ sì kú, obìnrin yẹn kò tà á, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀, èmi náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Iṣẹ́ mi kò le. Oníbàárà á dé, á sọ irú pákó tó ń fẹ́, bó ṣe máa gùn tó àti bó ṣe máa nípọn tó. Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé, màá sì rìn lọ sídìí ẹ̀rọ láti jíṣẹ́ fún ẹni tó ń lagi. Ẹni yẹn kò mọ̀wé, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń jíṣẹ́.

Bàbá Ìsẹ́yìn là ń pè é. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó gbẹ, ogún ọdún ló sì ti lò nídìí ayùn ńlá yẹn. Wọ́n ní tó bá ti wo ìtì igi lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye pákó tó wà nínú rẹ̀. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo fojú ara mi rí i.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá! Bí o bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ìkúnlẹ̀ ni, orí ní ìsàlẹ̀, ojú nílẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́. Torí náà, bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìsẹ́yìn, màá kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú igi, màá doríkodò, màá sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Nítorí eruku ibẹ̀, mo máa ń fi síkáàfù di imú àti ẹnu mi bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á mi orí, á ní ó dáa, á sì kí mi dáadáa.

Lẹ́yìn náà, á lọ la ohun tó wù ú!

Lóòótọ́ ni mò ń sọ! Oníbàárà kan fẹ́ pákó tó nípọn tí yóò fi kan bẹ́ẹ̀dì. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Bàbá là á, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé. Mo ní bóyá àṣìṣe ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó dẹ̀ẹ̀kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Bí Alhaja bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá á ṣe é bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Mo wá bi Kàmọ́rù, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń bá Bàbá ti ìtì igi sẹ́nu ayùn, bóyá bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kàmọ́rù ní rárá o, pé akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kí n tó dé, ọkùnrin alárìíwísí kan, kò sí ọjọ́ kan tí Bàbá ṣi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Kí ni ẹ̀yin ì bá rò? Èmi mọ ohun tí mo rò! Mo ní nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni, pé mo kéré, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ní bàbá yìí ń fojú di mí, ó sì tún ń fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Oṣù méje ni mo fi pa á mọ́ra, èmi tí ìyá mi máa ń sọ pé inú mi kì í gba ìbínú sùn mọ́jú.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mo lọ bá Alhaja, mo sì tú gbogbo rẹ̀ síta. Kí n má purọ́, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní Bàbá ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ọjà jẹ́. Alhaja fọkàn balẹ̀ gbọ́ mi, ó pòṣé, ó ní òun náà ti ń ṣàkíyèsí pé orí kunkun ti wọ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ó wá sọ fún mi pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan ń bọ̀ láti Mowe ní Sátidé, pé ìtì ìrókò ńlá tó wà níta yẹn ni wọ́n fẹ́ kí a là fún ilẹ̀kùn àti àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Irú ìtì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn tún máa rí lọ́la. Bí Bàbá bá fi lè bà á jẹ́, kó múra Ìsẹ́yìn, nítorí òun ti bá ọkùnrin kan tó ń lagi ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀.

Inú mi dùn! Mo ra mínírà tútù kan fún ara mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó mu ún tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ṣáà ti ní òótọ́ ni n ó sọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí Sátidé pé, iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo sọ́mìlì pa lọ́lọ́. Bàbá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó kọ̀yìn sí ọ̀nà àbáwọlé, ó ń fi fáìlì pọ́n eyín ayùn. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́rì kan tó gbé gẹdú wá ń fẹ̀yìn rìn wọlé. Awakọ̀ ń fọn fèrè, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n sún o, kí wọ́n sún. Gbogbo wa la sún. Bàbá kò sún. Ṣe ni ó ń kọrin sẹ́nu, tó ń pọ́n ayùn rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Mo ní, ẹ wò ó, lọ́rì náà ló tún fẹ́ fojú di!

Ìgbà tí ẹ̀yìn lọ́rì kù bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i ni nǹkan kan gbá mi láyà. Kò sí bí orí ẹ̀dá ṣe le kunkun tó, tí yóò jókòó de lọ́rì! Mo sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo gbá apá Bàbá mú, mo fà á, àwa méjèèjì sì ṣubú lé ara wa. Táyà lọ́rì gun orí àpótí yẹn, ó sì fọ́ ọ wómúwómú.

Síkáàfù mi ti já bọ́. Mo dojú kọ Bàbá, mo gbàgbé ìkúnlẹ̀, mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, mo kígbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, Bàbá?"

Bàbá ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Mi ò gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí ó dá mi lóhùn sí ohun tí mo béèrè gan-an.

Ó fà mí lọ sẹ́yìn àkójọ pákó, ó sì ṣàlàyé. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ohun kan ti ń dún nínú etí òun bí ìró kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni etí òsì kú pátápátá, tí ọ̀tún sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ń sọ ọ́ wà lẹ́yìn ògiri. Ariwo ayùn ló fà á. Ojú lòun fi ń gbọ́rọ̀ báyìí, láti ẹnu èèyàn. Alhaja máa ń gbé àgbọ̀n sókè, á wo èèyàn lójú, á sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé, torí náà kò sí èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́ òun níbẹ̀. Akọ̀wé àtijọ́ náà, tọwọ́tẹsẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fi ń sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ mi," ló wí, "ilẹ̀ lo máa ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó o bá sì gbórí sókè, aṣọ ti bo ẹnu ẹ. Mo rò pé o kàn máa ń wá kí mi ni. Mo tiẹ̀ ń sọ fún ìyàwó mi pé akọ̀wé tuntun yìí mọ èèyàn kí."

Ojú tì mí! Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí n ó wò! Ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún bàbá yìí lójoojúmọ́, òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo wá jẹ́, pákó tí wọ́n là kẹ́yìn ló máa ń tún là, kó má bàa jókòó lásán.

Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kò bínú. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu fáìlì rẹ̀. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ̀rọ̀ etí òun fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé adití ló wà nídìí ayùn, kò sí sọ́mìlì kan láti Ifo dé Ìbàdàn tí yóò gba òun, bẹ́ẹ̀ méjì nínú àwọn ọmọ òun ṣì wà nílé ìwé. Mo ṣèlérí fún un, mo sì bi í bóyá kò léwu. Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi ń gbọ́ ẹ̀rọ, láti ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, pé ayùn kì í ṣe ìṣòro òun. Ohun tó bá gba ẹ̀yìn wá lòun ń bẹ̀rù.

Mo sáré padà lọ bá Alhaja. Mo ní kó jọ̀ọ́, pé inú ló bí mi lọ́jọ́ yẹn, pé ẹ̀bi mi ni. Alhaja ní ẹjọ́ kì í ṣe ti èmi mọ́, kí Bàbá fi ìtì ìrókò yẹn dá òun lóhùn. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo ti ṣèlérí fún Bàbá, mi ò lè dárúkọ etí.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀! Bàbá ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ Kàmọ́rù, nítorí òun ni wọ́n jọ ń ti igi. Gbogbo àkókò tó kù kí Sátidé pé ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń ṣe é. Mo ní láti dúró níwájú Bàbá, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní láti tú síkáàfù. Mi ò gbọdọ̀ pariwo, torí ariwo máa ń yí ẹnu èèyàn po. Ìka ni màá fi júwe bí pákó ṣe máa nípọn tó, tí mo bá sì na ọwọ́ sókè, kó dúró. Lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́ tán, òun náà á tún un sọ fún mi, kí a lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń lọ.

Gbogbo rẹ̀ rọrùn àfi ẹyọ kan: kí n dúró gbọn-in, kí n sì wo àgbàlagbà lójú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Sátidé pé. Alàgbà ìjọ kan dé láti Mowe pẹ̀lú káfíńtà wọn. Alhaja ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ká apá. A gbé ìtì ìrókò yẹn sórí ẹ̀rọ, ọkùnrin mẹ́fà ló tì í. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu alàgbà, mo kọ ọ́, mo sì rìn lọ síwájú Bàbá. Mo tú síkáàfù mi. Mo dúró. Mo wo bàbá náà lójú kòrókòró, mo na ìka, mo ń sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alhaja pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn. "Síkírá! Ṣé bàbá tó bí ẹ náà lo máa ń nàka sí lójú báyẹn?"

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá yíjú padà, ọ̀rọ̀ á já mọ́ Bàbá lójú. Mi ò yíjú. Mo sọ ọ́ tán. Bàbá tún un sọ fún mi, gbogbo rẹ̀ pátá, kò yẹ̀! Ó tan ẹ̀rọ, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Pákó àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Káfíńtà fi tépù wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Èkejì bọ́ sílẹ̀. Ayọ̀ ti ń kún inú mi! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni alàgbà rí àárín igi yẹn, bó ṣe pupa tó sì ń dán, ó ní ẹ dúró, ẹ dúró, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n là á sí wẹ́wẹ́ mọ́, pé kí wọ́n fi àárín yẹn sílẹ̀ nípọn fún tábìlì pẹpẹ. Alhaja dìde, ó pariwo sí Bàbá láti ẹ̀yìn pé kó dúró. Bàbá kò dúró. Alhaja tún pè é. Ìtì igi ti ń sún mọ́ ẹnu ayùn.

Mo sáré yípo ẹ̀rọ náà, mo bọ́ síwájú Bàbá, mo na ọwọ́ sókè. Ojú ẹsẹ̀ ló dúró! Kàmọ́rù fa igi sẹ́yìn. Mo sọ ohun tuntun tí alàgbà wí, mo fi ìka júwe rẹ̀, Bàbá tún un sọ, ó yí ìwọ̀n padà, ó sì là á. Nígbà tí àárín ìrókò yẹn jáde, kò ní àbùkù kankan. Alàgbà ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè!

Ṣùgbọ́n Alhaja kò bá wa yọ̀. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ, ó sì dúró sẹ́yìn Bàbá, ó ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pa á. Gbogbo wa la yíjú wò ó, àfi ẹnì kan.

Alhaja rìn yípo, ó wá síwájú rẹ̀, ó fa ìborùn kúrò ní àgbọ̀n. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Bàbá wò mí, mo sì mi orí pé n kò sọ nǹkan kan. Bàbá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún un, níwájú gbogbo èèyàn. Mo kúnlẹ̀ fún Alhaja, mo ń bẹ̀bẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alhaja kò fetí sí ọ̀kankan nínú ohun tí mò ń sọ.

Ẹ rántí pé ọkọ Alhaja ló kọ́kọ́ dúró sídìí ayùn yẹn, fún ọdún púpọ̀. Ohùn Alhaja kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Alhaji náà kì í dá mi lóhùn mọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ. Mo rò pé ó ń bá mi bínú ni. Èmi náà bá yé bá a sọ̀rọ̀."

Ó fa ìborùn rẹ̀ padà sábẹ́ àgbọ̀n.

Ọkùnrin Abẹ́òkúta kò wá mọ́ o! Alhaja ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́. Kàmọ́rù ni yóò máa dúró níwájú rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kó máa bá a fetí sílẹ̀. Ó mú Bàbá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó wá ra òwú fún gbogbo wa, pé kí a máa fi di etí nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ọkùnrin yẹn fi ṣẹ̀fẹ̀ títí, ṣùgbọ́n wọ́n dì í.

Mo rò pé ó máa yìn mí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n tó mú ẹjọ́ ẹlòmíì wá bá òun, ṣé mo ti bi ẹni náà léèrè rí? Ìbéèrè yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi títí dòní, ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan bá kàn mi orí fún mi, mi ò gbà pé ó ti gbọ́. Mo máa ń wojú rẹ̀, màá ní kó tún un sọ, kí n gbọ́ bó ṣe yé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó pa mí lẹ́kún. Láàárọ̀ Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e, mo lọ kí Bàbá. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ nígbà tó di ìgúnpá mi mú, ó ní kí n dìde, kí òun rí ẹnu mi. Ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan, ó ti pẹ́ tí ojú ti ń ti òun láti béèrè rẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹ?"

Oṣù mẹ́jọ! Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni mo ti sọ ọ́ fún un, lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbórí sókè, mo wò ó lójú, mo sì sọ orúkọ mi jẹ́jẹ́. Ó tún un sọ fún mi, ó sì pè é bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ń bá bínú níbi iṣẹ́ yín, tí ẹ kò tíì dúró síwájú rẹ̀ kí ẹ bi í ní nǹkan kan? Àbí ẹ̀yin ni wọ́n ṣì gbọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á tán kí n tó dáhùn.